Ẹ Má Jẹ́ Kí Àpótí Borí Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti di àríyànjiyàn láàárín àwa ọmọ Ìta-Ògbólú tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, a ò sì fẹ́ kí ó parí sórí WhatsApp nìkan. Irú àpótí wo ni a máa gbé ọkọ̀ ojú omi wa sí, kí ni a sì máa fi kun igi rẹ̀?

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́: àwọn ọ̀rẹ́ wa kan láti Ìlàjẹ fún wa ní ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi igi ọ̀mọ̀ gbẹ́. Kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Atukọ̀ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, àjẹ̀ ọwọ́ wọn tín-ín-rín bí igi ìṣáná, àwọ̀n sì ká jọ sí ìdí ọkọ̀. A ti pinnu pé yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú wa ni a máa gbé e sí, kí àwọn àbúrò wa tí kò dé etí òkun rí lè mọ bí àwọn ará ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú wa ṣe ń jẹun. Owó àpótí ti pé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé àwọn kan nínú wa fẹ́ férémù alumíníọ́ọ̀mù aláwọ̀ wúrà, dígí ìwojú lẹ́yìn, àrán búlúù nísàlẹ̀, kí gílóòbù sì máa tàn nínú rẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni iyì ṣe ń hàn.

A ò gbà. Àpótí yẹn máa pa ọkọ̀ náà run lójú ẹni tó ń wò ó. Bí a ò bá sì ṣọ́ra, ó lè ba igi rẹ̀ jẹ́ ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ojú. Níbi ìgbéyàwó, ọ̀rẹ́ ìyàwó kì í wọ aṣọ tó ju ti ìyàwó lọ. Ó lè múra, ó lè wé gèlè, àmọ́ ó mọ ẹni tó ni ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dá eruku, kòkòrò àti ọwọ́ ọmọdé dúró, kí ó sì jẹ́ kí ojú ríran. Tí àlejò bá wọlé tó kọ́kọ́ sọ pé, "Àpótí yìí mà dára o!", iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọ̀ igi ọ̀mọ̀ kò le. Ó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ó tutù lójú. Tí ẹ bá fi wúrà yí i ká, ṣe ni igi náà máa dà bí ohun tí eruku bò. Dígí ẹ̀yìn wá ńkọ́? Ọmọ tó bá súnmọ́ ọn, ojú ara rẹ̀, fèrèsé àti fáànù ni yóò máa wò, kì í ṣe àwọn atukọ̀.

A gbọ́ ohun tí àwọn tó fẹ́ dígí ń sọ: wọ́n ní ó máa jẹ́ kí a rí ẹ̀yìn ọkọ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà dára, ibẹ̀ ni àwọ̀n wà. Àmọ́ kí ló dé tí a ò ní fi gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a gbé àpótí sórí tábìlì tí èèyàn lè rìn yí ká? Èyí dára ju kí a fi dígí tan ojú jẹ lọ.

Ohun tí àwa fẹ́ rèé.

Àkọ́kọ́, àwọ̀. Kí ìdí àpótí àti àwọn òpó rẹ̀ fi díẹ̀ ṣú ju ọkọ̀ lọ. Tí àwọ̀ méjèèjì bá dọ́gba, ọkọ̀ máa yọ́ mọ́ àpótí lójú. Tí a bá sì kun àpótí ní dúdú kirikiri bí àwọn kan ṣe tún dábàá, pósí ni yóò jọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá pósí gbé ní yàrá ìkàwé. Igi ọ̀gànwó, tí àwọn kan mọ̀ sí mahogany, ni a rò pé ó yẹ. Pupa rẹ̀ jinlẹ̀, kò sì nílò ọ̀dà kankan kí ó tó lẹ́wà.

Èkejì, ìlà ara igi. Ọ̀pọ̀ wa ló ń pariwo ìrókò torí pé ìrókò lágbára. A ò bú ìrókò. Kí ẹni tó ń kọ́lé fi ṣe ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ihò ara rẹ̀ fẹ̀, ìlà rẹ̀ sì gbòòrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjẹ̀ tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ìlà gbòòrò bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ kí ọkọ̀ dà bí ohun ìṣeré. Ohun kékeré, igi tí ìlà rẹ̀ kò pariwo ló bá a lọ.

Ẹ̀kẹta, dídán. Fánìṣì tó ń kọ mọ̀nà bí awọ̀ mọ́tò tuntun kò yẹ níbí, torí gbogbo iná inú yàrá ló máa dá padà sójú wa. Pọ́líìṣì tí àwọn káfíńtà ń fi ṣẹ́lákì àti spírítì pò ni kí wọ́n fi aṣọ pa á ní ìgbà mélòó kan. Oje kòkòrò kékeré kan tó ń gbé orí igi ní Íńdíà ni ṣẹ́lákì yìí. Tó bá gbẹ, kí wọ́n fi sánpépà tó kúnná dáadáa pa dídán rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì fi ìda oyin nù ún. Kí ó dán bí ara ẹni tó fi òrí pa ara, kì í ṣe bí ẹni tí wọ́n da epo lé lórí. Dípò àrán búlúù, kí a tẹ́ kíjìpá tí wọn kò pa láró sí ìdí rẹ̀. Òwú tiwa ni, àwọ̀ rẹ̀ rọ̀, kò sì bá igi jà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìbàjẹ́ tòótọ́. Ọ̀dà àti fánìṣì tí kò tíì gbẹ dénú máa ń mí èéfín jáde. Bí ẹ bá ti gíláàsì mọ́ ọn, ibi tí èéfín máa lọ kò ju ara ọkọ̀ náà lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá fi kun àpótí, kí ó wà ní ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ tán. Gílóòbù inú àpótí burú ju èyí lọ. Ooru rẹ̀ máa gbẹ igi, tí wọ́n bá pa á igi á tún tutù. Ibi tí igi ti ń la nìyẹn, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ má sì gbé e sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń ta bà á, torí oòrùn máa ń pa àwọ̀ igi dà. Kí wọ́n dá ihò kékeré méjì sí ìdí àpótí, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì tó kúnná dí i, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí kòkòrò má lè wọlé. Ẹni tó bá ń gbá yàrá náà, kí ó máa wo ìdí ọkọ̀: tó bá rí ìyẹ̀fun igi níbẹ̀, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan máa ní ariwo yìí ti pọ̀ jù lórí igi lásán. Igi lásán kẹ̀? Ní Ọ̀wọ̀, ní àwọn ọdún 1930, Justus Akérédolú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún ara igi gbẹ́ ère tín-tìn-tín, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà sì ń gbẹ́ atukọ̀ àti ọkọ̀ wọn tí èèyàn lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́. Wọn kì í kùn wọ́n, torí àwọ̀ ara ẹ̀gún fúnra rẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ wọn. Ẹ wo Ìkẹ́rẹ́ náà, lójú ọ̀nà tó gba ìlú wa kọjá lọ sí Adó-Èkìtì. Olówè ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà lọ́dọ̀ wọn dòní. Àwọn tó gbà á mọ iye tí igi gbígbẹ́ tó. Àwa tí igi ń gbẹ́ lọ́wọ́ wa ni a ń wá wúrà alumíníọ́ọ̀mù láti fi bu iyì kún un.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó kù tó ní láárí ni pé káfíńtà máa ń yẹ àdéhùn, nígbà tí ti alumíníọ́ọ̀mù wà nílẹ̀ ní ọjà. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí káfíńtà kò tíì sọ "ẹ padà wá lọ́la" fún. Oògùn rẹ̀ ni kí a pín owó sí mẹ́ta: ìdá kan láti ra igi, ìdá kan nígbà tí àpótí bá dúró, ìyókù lẹ́yìn tí pọ́líìṣì bá gbẹ tí a sì ti fi ọwọ́ pa á wò. Owó náà á dúró nílùú wa, ọmọṣẹ́ kan á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àpótí fún ohun ẹlẹgẹ́.

A bẹ̀ yín, nígbà tí a bá pàdé láti dìbò, kí ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Kí a gbé pákó ọ̀gànwó tí wọ́n ti pa ní pọ́líìṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kí a gbé férémù wúrà sí èkejì. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Èyí tó bá jẹ́ kí ojú yín padà sára àwọn atukọ̀ mẹ́rin yẹn ni kí ẹ dìbò fún.