Àwọn Àgbà Padà Sídìí Orin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú wa, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí Cotonou Club, àwo orin tí Orchestre Poly-Rythmo gbé jáde ní ọdún 2011. Láti ọdún 1968 ni Mélomé Clément ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Kútọnu. Wọ́n da ìlù sato àti ìlù Sakpata pọ̀ mọ́ gìtá rọ́ọ̀kì, òkìkí wọn sì kàn. Nígbà tó yá, òkìkí náà rọlẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí wọn kò fi ṣe àwo tuntun.

Ta ló wá wọn kàn? Élodie Maillot, akọ̀ròyìn rédíò láti ilẹ̀ Faransé, ni. Òun ló ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi dé Yúróòpù ní 2009. Nínú àwo náà, Angélique Kidjo bá wọn kọrin; àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Franz Ferdinand láti Skọ́tláǹdì náà bá wọn lù. Wọ́n tún àwọn orin àtijọ́ kọ: ohùn ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbàgbé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Mélomé kú. Díẹ̀ ló kù kí ó pẹ́ jù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àlejò ló béèrè wọn. Àwa tí a bá wọn gbélé kò béèrè. Ní Lagbé níbí, àwọn àgbà tó mọ orin àti ìlù ìgbà wọn ṣì wà. Ẹ mú fóònù yín, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má dúró de àlejò.