Ẹ̀yin Onílé Òkè Òkun, Ẹ San Owó Ìdọ̀tí

Ẹ̀yin bàbá àti màmá wa tí ẹ ní ilé sí Mushin àti Surulere ṣùgbọ́n tí ẹ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ní ayálégbé ló ń da ìdọ̀tí, kí ó san owó rẹ̀. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń gbé inú ilé ló ń san council tax lóòótọ́. Àmọ́ bí kálukú bá háyà yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, onílé ni wọ́n ń bi léèrè owó náà. Ṣé "face me I face you" yín kọ́ nìyẹn?

Láti 2001 ni òfin Land Use Charge ti wà l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ yín ń san án, kí ilé má baà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Owó PSP ni ẹ kò kà sí. Yàrá méjìlá, bíìlì kan ṣoṣo! Bí ẹni méjì bá kọ̀, gbèsè ti wọlé nìyẹn, ọkọ̀ akólẹ̀ á sì kọjá lọ. Inú gọ́tà ni wọ́n ń da ìdọ̀tí náà sí lóru. Bí òjò bá rọ̀, inú yàrá wa ló ń padà wá. Kì í dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ sọ fún aṣojú yín kó yọ ọ́ nínú owó ilé, kó tó fi ìyókù ránṣẹ́ sí yín.