Travail: Ṣé Iṣẹ́ Ni Tàbí Ìyà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó máa ń tan àwa tí a kàwé ní èdè Faransé jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ni travail. Bí a bá ti rí i nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kíá la ó túmọ̀ rẹ̀ sí "iṣẹ́". Àṣìtúmọ̀ gbáà ni. Lẹ́nu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, ìnira, làálàá tàbí ìrọbí ni.

Ọwọ́ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Nígbà yẹn, ìyà àti ìnira ló jẹ́ nínú Faransé pàápàá. Ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀-èdè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀rọ̀ Látìn náà, tripalium: tri ni mẹ́ta, palus ni òpó, ohun olópòó mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá ènìyàn lóró. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yà. Faransé gbé e lọ sídìí iṣẹ́; Gẹ̀ẹ́sì fi í sílẹ̀ sídìí ìnira, ó sì ti ara rẹ̀ bí travel, ìyẹn ìrìn àjò, torí pé ìrìn àjò ayé àtijọ́ kò rọrùn rárá. Ìdí ìrọbí ni àwọn méjèèjì ṣì ti ń pàdé: salle de travail ni Faransé ń pe yàrá tí aboyún ti ń rọbí.

Àwọn kan wá ń sọ pé, níwọ̀n bí orírun ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ ìyà, ìyà ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èmi kò gbà. Lílò ló ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà Benin ni Fraternité, Justice, Travail. Ti Togo ni Travail, Liberté, Patrie. Ta ni yóò sọ pé ìdálóró ni orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ń yangàn?

Ẹ wo ti Yorùbá náà: iṣẹ́ àti ìṣẹ́. Ohùn fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan ló yà wọ́n, síbẹ̀ kò sí ọmọ Kétu tàbí Sábẹ̀ tí yóò fi òṣì pe iṣẹ́ oko. Ìjọra ojú kò sọ ọ̀rọ̀ méjì di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni orírun kò lè sé ọ̀rọ̀ mọ́ ibi tó ti ṣí kúrò.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún bá travail pàdé nínú ìdánwò ìtumọ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè èdè tó ń sọ, kí ẹ sì ka gbólóhùn náà dópin kí ẹ tó mú kálàmù.