Agbo Ilé Wo Ni Bàbá Ńlá Rẹ Ti Wá?

Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí kan gbogbo ilé tí bàbá ńlá rẹ̀ di ẹrù ní ilẹ̀ Yorùbá, tó wọ ọkọ̀ ojú irin, tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú tí èdè ibẹ̀ kò yé e. Ní Tudun Wada níbí àti káàkiri Jos, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ti lọ bá Elédùmarè. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ bí ìrìn àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Tánganran, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti ń wà á ní agbègbè yìí, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó owó àti ẹ̀rọ wá sí Naraguta àti Bukuru. Ohun tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ ní láti dé etíkun, ìjọba sì la ojú irin fún un. Ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, nígbà tó sì fi di 1912, ọkọ̀ ti ń ná Kánò. Láti Zaria ni wọ́n ti ya ojú irin kékeré kan tó dé Bukuru ní 1914. Ojú irin yìí tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti Èkó lọ, nítorí náà èrò ní láti bọ́ sílẹ̀ ní Zaria, kí ó ru ẹrù rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ní 1927 ni ojú irin ńlá láti Port Harcourt gba Kafanchan dé Jos. Ti kékeré náà sì kógbá sílé ní 1957. Orúkọ Terminus tí a ń pe àárín ìlú wa títí dòní, ibi tí ojú irin parí sí ló ń sọ.

Ọkùnrin ló sábà máa ń ṣíwájú. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, a wá ọmọ ìlú rẹ̀ kàn, a sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í kiri aṣọ tàbí kí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá mókè díẹ̀, a ránṣẹ́ sí ìyàwó, lẹ́yìn náà sí àbúrò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n kọ́ mọ́sálásí, wọ́n gbé ilé kéwú kalẹ̀ fún àwọn ọmọ. Síbẹ̀ owó tí ó kọ́lé nílé kì í tán lọ́kàn wọn, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Cornwall, ní igun kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tánganran yìí kan náà ni iṣẹ́ àjogúnbá wọn. Nígbà tí tánganran olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Malaya àti Australia ba ọjà wọn jẹ́, àwọn awakùsà wọn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà: òmíràn lọ wa bàbà ní Michigan, òmíràn lọ wa wúrà ní Grass Valley ní California. Baba a kọ́kọ́ lọ, a máa fi owó ránṣẹ́, kí ìyàwó àti ọmọ tó wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé e. Wọ́n ní bí ọ̀gá bá ti ń wá òṣìṣẹ́, ará Cornwall a ní òun ní ìbátan kan nílé tó ń jẹ́ Jack. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní ìnagijẹ "Cousin Jack". Ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa ṣe nìyẹn?

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Michigan di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àtúnṣe òfin tí wọ́n ti ṣe láti 1868. Kò sẹ́ni tó ní kí ó lọ gba ìwé wá láti Cornwall. Ṣùgbọ́n bí ilé tuntun ti gbà wọ́n tán, ọ̀pọ̀ gbàgbé ilé àtijọ́, àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn sì ń tú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ojú omi wò lónìí láti wá orúkọ bàbá ńlá wọn.

Tiwa yàtọ̀. Orí 15 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n orí 318 so jíjẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mọ́ òbí tàbí òbí àgbà tó jẹ́ ti àwùjọ onílẹ̀ ibẹ̀. Kò ka iye ọdún tí ènìyàn ti gbé níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Tudun Wada, tí wọ́n bí baba rẹ̀ níbẹ̀, yóò lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ baba ńlá rẹ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú nígbà tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì. Akọ̀wé yóò bi í pé, "Agbo ilé wo?" Níbẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ yóò ti wọhò. Jos ń pè é ní àlejò. Ilé ń pè é ní ará Òkè Ọya.

Ẹ rántí Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ ń bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò tí wọn kò rí rí. Orúkọ agbo ilé ni irú wọn fi ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí.

Àwa náà ti rí tiwa. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Jos ní oṣù Kẹsàn-án 2001, ní 2008 àti ní 2010. Ọjà ńlá Terminus jóná ní 2002. Yàtọ̀ sí ẹ̀mí tó lọ, ìwé ilẹ̀ àti àwòrán àwọn òbí kì í yè nínú iná. Ohun tó kù wà lórí ahọ́n àwọn àgbà, ahọ́n àgbà kì í sì í wà títí láé.

Nítorí náà, mo rọ ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ra ìwé kan, kí wọ́n sì jókòó ti ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà. Ẹ bi wọ́n: Ta ló kọ́kọ́ wá? Ọdún wo? Kí ló lé e kúrò nílé? Ilé ta ló sùn sí? Iṣẹ́ wo ló ṣe? Agbo ilé wo ni, kí sì ni oríkì wọn? Ẹ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ilé, ìkejì sí ọ̀dọ̀ ẹbí nílé baba yín. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo máa ń rí i pé ọmọ tó mọ ìtàn ilé rẹ̀ kì í bojú wolẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè orírun rẹ̀.

Mímọ ilé baba ẹni kò sì ní kí á má jẹ́ ọmọlúàbí níbi tí a wà. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) so àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́kà pọ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀ Mẹ̀dínà, Sa'd ọmọ Rabi' fi ìdajì dúkìá rẹ̀ lọ Abdur-Rahman ọmọ Awf. Ó ṣàdúrà fún un, ó sì ní kí ó fi ọ̀nà ọjà han òun. Onílẹ̀ la ọwọ́, àlejò na ọwọ́ sí iṣẹ́. Àwọn sàhábà náà kò gbàgbé Mẹ́kà, wọ́n sì fi tọkàntọkàn tún Mẹ̀dínà ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ Hausa, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún Berom, Afizere àti Anaguta tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Kí Ọlọ́hun foríjin àwọn tó rìn ìrìn náà kí a tó dé, kí Ó sì fi àlàáfíà jíǹkí ilé wa méjèèjì. Àmín.