Kí Ẹ Tó Ta Okùn Ìpìlẹ̀ Kíláàsì

Ẹ wọ kíláàsì kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ní agogo kan ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí ẹ kàn jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Páànù tí kò ní àjà lábẹ́ á máa mú yín bí ẹni pé wọ́n gbé agbada àkàrà kà yín lórí. Àwọn ọmọ kan ti gbórí lé tábìlì, àwọn kan ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Àwọn àgbà á ní ọmọ òde òní ò fẹ́ kàwé. Ẹni tó bá kó ogójì ọmọ sínú yàrá tí atẹ́gùn kò ráyè gbà kọjá, kí ni yóò ṣe wọ́n bí kò ṣe oorun? Bí òjò bá sì wá dé, páànù á máa hó, olùkọ́ á káwọ́ gbera, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn.

Ilẹ̀ wa gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wa la fi ń dá kún un, láti ọjọ́ tí bíríkìlà bá ti ta okùn. Láàárọ̀, ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn ni oòrùn máa ń nà. Lọ́sàn-án, orí òrùlé ló máa ń wà. Nírọ̀lẹ́, á bọ́ sí ògiri ìwọ̀ oòrùn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn, tí fèrèsé wà, àríwá àti gúúsù ló yẹ kó kọjú sí, kí ẹ̀gbẹ́ méjì tó kúrú, tí kò ní fèrèsé, máa bá oòrùn wọ̀jà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, etí òrùlé tó yọ síta dáadáa ti tó láti ṣíji bo fèrèsé, afẹ́fẹ́ ìgbà òjò tó ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn bọ̀ á sì gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Èyí kò fi kọ́bọ̀ lé owó ilé. Àmọ́ ohun tí à ń ṣe ni pé kí ilé ṣáà kọjú sí títì, kí orúkọ olóṣèlú tó kọ́ ọ lè hàn sí àwọn tó ń kọjá.

Àwọn tó tẹ Ọ̀yọ́ dó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri amọ̀ wọn nípọn, ooru kì í tètè là á já. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin, débi pé kíkó o wá fún Aláàfin lọ́dọọdún di ọdún ńlá, Ọdún Bẹẹrẹ. Mi ò ní ká lọ fi koríko bo kíláàsì o, iná ń bẹ. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń wí. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti Ìlú Ọba, ń ya àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò: ilé tí kò fẹ̀ jù, tí ògiri rẹ̀ ní ihò, tí atẹ́gùn ń gbà kọjá.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù wà ní Gando, abúlé kan ní Burkina Faso. Francis Kéré, ọmọ abúlé náà, kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan parí síbẹ̀ lọ́dún 2001. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù, àwọn ará abúlé ló sì pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù yìí náà ni wọ́n fi ṣe àjà, wọ́n dá ihò sí i kí ooru máa gba ibẹ̀ jáde, wọ́n wá gbé páànù sókè réré kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láàárín méjèèjì. Lọ́dún 2022, Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker, tí àwọn ayàwòrán-ilé kà sí èyí tó ga jù lágbàáyé. Òun sì ni ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ gbà á. Ṣé amọ̀ wọ́n l'Ọ́yọ̀ọ́ ni?

Àwọn ilé ìwé aládàáni ní tiwọn fẹ́ràn fèrèsé gíláàsì tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí ẹ ti fà á tó, ìdajì rẹ̀ á ṣì wà ní títì. Fèrèsé onígi àtijọ́ tó ń ṣí gbayawu sàn jù ú lọ fíìfíì. Wọ́n á wá gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé ọ̀hún, kí fáànù lè máa yí, èéfín olóró á sì máa wọlé bá àwọn ọmọ. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ló ń sá lọ sídìí iná oòrùn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ tún ilé ṣe ná: kíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ kò nílò gílóòbù lọ́sàn-án, ìwọ̀nba iná tí ẹ bá rà á wá máa fa omi, á máa gbé kọ̀ǹpútà.

Tí a bá sì dárúkọ omi, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Òrùlé kíláàsì mẹ́ta tó gùn ní mítà 27, tó fẹ̀ ní mítà 9, tó mítà 243 níbùú lóròó. Òjò tó ń rọ̀ lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200. Omi tó ń bọ́ sórí òrùlé náà lọ́dún ju lítà 290,000 lọ. Ká ní ìdá kan nínú márùn-ún ṣòfò, ó ṣì ku lítà tó lé ní 230,000, láti òrùlé kan ṣoṣo! Síbẹ̀, ilé ìgbẹ́ ilé ìwé wà ní títì pa nítorí àìsí omi, ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù á jókòó sílé. Gọ́tà àti tánkì ló kù. Omi yẹn ò ṣeé mu láìsè é, ṣùgbọ́n ó tó fọ ọwọ́, ó tó fọ ilé ìgbẹ́, àgbàrá ò sì ní máa wú ìpìlẹ̀ ilé mọ́.

Ní ti ilé tó ti wà nílẹ̀, ẹ kan àjà sí i, ẹ kun páànù ní funfun, ẹ gbin igi sápá ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àjà ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó wà nínú àwọn ilé àtijọ́. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kó àfọ́kù rẹ̀, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kí àìsàn náà tó hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde jù, nítorí àwọn ló ń dáwó kọ́ ilé lóde òní. Ọ̀yọ́ tó ti ní ilé ẹ̀kọ́ St Andrew's láti 1896, àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi láti 1898, kì í ṣe ọmọdé nídìí ẹ̀kọ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ ilé yíyà wà ní yunifásítì LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bá agbaṣẹ́ṣe. Bí agbaṣẹ́ṣe bá gbé àwòrán wá sípàdé, kí ẹnì kan dìde bi í pé níbo ni oòrùn máa ń wà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán lórí ilẹ̀ yìí. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó padà lọ wo ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó sanwó sìmẹ́ǹtì.