Saponify: Pípò Kọ́, Yíyípadà Ni

Ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò lóṣù yìí wà nínú ìwé Kẹ́mísírì àwọn ọmọ yín ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Saponify ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ a há a sórí nítorí ìdánwò, láìmọ̀ pé iṣẹ́ tí àwọn ìyá àgbà ń fi ìkòkò ṣe ni.

Sapo ni ọṣẹ ní èdè Látìn. Sabun ni Lárúbáwá ń pè é; bí ẹ bá sì dé ọjà Zuba níbí, sabulu ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn Hausa. Saponify túmọ̀ sí kí á sọ epo tàbí ọ̀rá di ọṣẹ. Ẹni tó ń se ọṣẹ dúdú a sun èèpo kòkó di eérú, a rọ omi sí i, a sẹ́ ẹ, a sì fi omi eérú náà se àdín. Agbára inú omi eérú yìí ni a ń pè ní alkali, orúkọ tó wá láti inú èdè Lárúbáwá, al-qali, èyí tí í ṣe eérú ewéko. Lórí iná, epo a tú: apá kan a di ọṣẹ, apá kejì a di glycerine. Epo kì í ṣe epo mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó po ṣúgà mọ́ omi kò saponify. Ẹni tó ń fi sulphonic acid po ọṣẹ olómi nínú ike náà kò saponify, nítorí kò sí epo tó sọ di ọṣẹ.

Ẹ wo ara páálí ọṣẹ. Sodium palmate ni epo ọ̀pẹ tó ti di ọṣẹ. Sodium palm kernelate, àdín ni. Sodium tallowate, ọ̀rá ẹran bíi màlúù. Sodium lardate, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀sìn wa. Àwọn onímọ̀ Fiqh ń pe kí nǹkan yí padà di nǹkan mìíràn ní istihala, bí ọtí ṣe ń di ọtí kíkan. Ibn Abidin, onímọ̀ mazhab Hanafi tó kú ní 1836, sọ pé ọṣẹ tí a fi epo onínájísì ṣe ti di mímọ́, nítorí ó ti yí padà. Àwọn onímọ̀ mazhab Shafi'i kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé orí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni àríyànjiyàn náà dúró lé: ṣé a po ọ̀rá náà ni, àbí a yí i padà?

N kò dá fatwa níhìn-ín. Ẹ bi Alfa yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bi wọ́n, ẹ kọ́kọ́ ka ara páálí ọṣẹ náà, kí ẹ sì ní kí ọmọ yín tó ń kọ́ Kẹ́mísírì túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó wúlò kẹ́ wa. Àmín.