Wúrà wọlé, gìrì tẹ̀ lé e! Ará Ìjẹ̀ṣà, ẹ wo Zamfara o

Nígbà tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí adìẹ ní Yargalma àti Dareta, nípìínlẹ̀ Zamfara, lọ́dún 2010, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ pè é ní májèlé. Àwọn kan ní ibà ni. Àwọn mìíràn ní yínrùnyínrùn ni, nítorí àsìkò ooru ni, àìsàn ọ̀hún sì máa ń jà gan-an lápá ibẹ̀. Ọmọ á máa bì, inú á máa run ún, tó bá yá, gìrì á gbé e, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ọmọ ti lọ. Bí wọ́n ṣe ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, ilé kejì náà ti figbe ta.

Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières, tí wọ́n ń tọpa yínrùnyínrùn kiri agbègbè náà, ni wọ́n kọ́kọ́ fura lóṣù kẹta ọdún náà. Oògùn ibà kò ran àwọn ọmọ yìí rárá. Ni wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun. Èsì dé, òjé ni! Òjé yìí kan náà tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n, tó wà nínú bátìrì mọ́tò, òun ló kún inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún méjì.

Tẹ́ ẹ bá rò pé àsọdùn wà ńbẹ̀, ẹ gbọ́ iye táwọn oníwádìí kà. Wọ́n wọ agbo ilé 119 ní Dareta àti Yargalma, wọ́n béèrè àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Alààyè àti òkú, 463 ni wọ́n kà. Ọmọ 118 nínú wọn ti kú láàárín ọdún kan péré. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú yìí, gìrì mú wọn kí wọ́n tó dákẹ́. Wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 204 nínú àwọn tó ṣẹ́kù wò, kò sí èyí tí òjé kò tíì bá jà nínú wọn. Nínú ọmọ ọgọ́rùn-ún, ti mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ti le débi pé oògùn ló kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ tètè lò fún wọn. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo abúlé tọ́rọ̀ kàn lágbègbè Anka àti Bukkuyum pọ̀, àwọn ọmọ tó ti kú ti lé ní 400.

Báwo lòjé ṣe dé inú ọmọ tí kò dé ìdí kòtò wúrà rí láyé ẹ̀? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Wúrà gbówó lórí lágbàáyé lásìkò náà. Àgbẹ̀ tí ọkà bàbà rẹ̀ kò mú owó gidi wọlé mọ́ gbé ṣọ́bìrì, ó di inú kòtò. Òkúta tí wọ́n ń wà lágbègbè yẹn ní wúrà nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjé inú rẹ̀ ju wúrà lọ fíìfíì. Wọn kì í fọ́ ọ tán síbi tí wọ́n ti wà á. Wọ́n ń dì í sínú àpò wálé, torí àwọn obìnrin tó wà nínú kúlè, tí wọn kì í jáde, àwọn náà fẹ́ rí tiwọn nínú owó náà. Inú àgbàlá ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún un. Ẹ̀rọ tó ń lọ ọkà fún oúnjẹ ni wọ́n tún fi ń lọ òkúta. Eruku á bo gbogbo ilé, á bà lé ẹní, á bà sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ tó ń rá á máa fọwọ́ gbálẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ló ń kì bọ ẹnu. Bàbá tó ti ìdí iṣẹ́ dé, ẹ̀wù tó fi wa kùsà ló fi ń gbé ọmọ rẹ̀ jó.

Òjé kì í rùn, kì í ta èèyàn lẹ́nu. Ara ọmọdé sì máa ń fà á mu ju ti àgbàlagbà lọ, á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, á tún fara pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà fún ilẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀ ni pé, tí wọ́n bá pín iyẹ̀pẹ̀ sọ́nà mílíọ̀nù kan, òjé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 400 lọ. Àwọn àgbàlá kan wà ní Zamfara tí tiwọn ju 100,000 lọ!

Àwọn ará abúlé kan kò tètè sọ̀rọ̀ o. Wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá fi lè jẹ́wọ́ iye ọmọ tó kú, ìjọba á dé, á sì gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn. Ẹ má bá wọn wí jù. Ẹni tó fi owó wúrà ra ọ̀kadà, tó fi kan páànù sórí ilé, tí kò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń ro oko, ta ni wọ́n fẹ́ kó gbà gbọ́ pé owó yẹn ló ń pa á lọ́mọ? Àwọn tó yẹ ká bá wí wà níwájú.

Torí pé ọ̀nà àbáyọ wà. Dókítà kò lè fún ọmọ lóògùn tán kó tún dá a padà sínú eruku kan náà, torí náà, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tún ṣe. Wọ́n á họ iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò nínú gbogbo àgbàlá, wọ́n á lọ rì í mọ́lẹ̀ síbi tó jìnnà, wọ́n á wá kó iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ dà síbẹ̀. Iṣẹ́ ṣọ́bìrì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe é láwọn abúlé kan lọ́dún 2010 àti 2011, àwọn ọmọ ibẹ̀ gba oògùn, ikú sì dín kù gan-an.

Bagega ńkọ́? Bagega tóbi ju àwọn yòókù lọ, owó tí wọ́n máa ná sí i sì pọ̀. Ó di pé wọ́n ń dúró. Lóṣù karùn-ún ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí mílíọ̀nù lọ́nà 850 náírà. Ìlérí náà jókòó sí Àbújá. Oṣù kìíní ọdún 2013 lowó tó jáde. Láàárín oṣù kejì sí oṣù keje ọdún náà, wọ́n ti họ ilẹ̀ Bagega tán. Iṣẹ́ oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n fi ọdún mẹ́ta dúró dè! Ọmọ tí wọ́n bí ní Bagega lọ́dún 2010 ti ń rìn, ti ń sáré nínú májèlé, kí ẹnikẹ́ni tó rántí fọwọ́ sí ìwé. Àwọn tí kò kú náà, kò túmọ̀ sí pé wọ́n bọ́. Àwọn mìíràn dití, àwọn mìíràn fọ́jú, àwọn mìíràn kò ní í lè kàwé bí ẹgbẹ́ wọn láéláé, torí oògùn tó ń kó òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè tún ọpọlọ tó ti bàjẹ́ ṣe.

Ẹni tó bá rò pé orílẹ̀-èdè á ti kọ́gbọ́n, kó lọ béèrè ní Shikira, nípìínlẹ̀ Niger. Lọ́dún 2015, ìjọba àpapọ̀ fẹnu ara rẹ̀ kéde pé òjé ti pa ọmọ 28 níjọba ìbílẹ̀ Rafi. Òkúta kan náà, eruku kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ń kọ́ àwọn awakùsà pé kí wọ́n máa fi omi sí òkúta tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́, kí eruku má gbéra, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó wọlé tọ ọmọ. Omi àti aṣọ ìpààrọ̀ o, kì í ṣe ohun tó ń wọ́n.

Ní ti Zamfara, ìjọba fòfin de wíwa kùsà níbẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2019 nítorí àwọn agbébọn, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà lóṣù kejìlá ọdún 2024. Ọ̀nà ti ṣí padà. Ohun tó yẹ ká gbọ́ tẹ̀ lé ìkéde yẹn ni ti omi, aṣọ ìpààrọ̀ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọdé.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè Ọya nìyẹn, kí ló kàn wá? Ó kàn yín, ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ̀yin ará Ìtagunmódì àti gbogbo Àtàkúnmọ́sà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti ayé òyìnbó. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń wà láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ katapílà ni wọ́n ń gbé wọ inú odò. Odò Ọ̀ṣun tí àwọn èèyàn mọ̀ sí omi tútù yí àwọ̀ padà, ó pọ́n bí omi ẹrẹ̀. UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, àmọ́ nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ku fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Omi tí ìyá àgàn ń gbé lọ sílé torí ọmọ!

Kì í ṣe gbogbo òkúta wúrà ló ní òjé nínú bíi ti Zamfara o, kí ẹnikẹ́ni má dá ẹ̀rù ba ará ìlú lórí irọ́. Mẹ́kúrì ni àwọn awakùsà kéékèèké fi ń kó wúrà jọ, wọ́n á yáná sí i, èéfín rẹ̀ á lọ sókè, á sì padà bọ́ sínú odò, ẹja á jẹ ẹ́, èèyàn á jẹ ẹja. Èwo ló wà nínú èwo? Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Omi kànga ni kí wọ́n gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wò, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tó wà nítòsí kòtò, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí gbogbo ayé kà á. Ohun tó yẹ kí àwọn ọba àti káńsẹ́lọ̀ máa béèrè nìyẹn, kì í ṣe iye tó kàn wọ́n nínú owó wúrà.

Títí dìgbà náà, tí gìrì bá mú ọmọ nílùú tí wọ́n ti ń wa wúrà, kí ìyá rẹ̀ tètè sọ fún dókítà pé wúrà ni bàbá rẹ̀ ń wà, kó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà tí kò bá gbọ́ ìyẹn, ibà ni yóò máa tọ́jú.